Àkọlé Tí Kì Í Ṣí

Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń gbọn eruku kúrò láàárín bọ́tìnì kọ̀ǹpútà nígbà tí Àǹtí wọlé. Kò tẹsẹ̀ bọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Fìdítì rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán ni. Mo kúnlẹ̀ kí i tòun ti ìyẹ́ lọ́wọ́. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé, ó wá fi ojú lé mi.

"Ìwọ lo kó ilé wa sí ẹ̀yìn àwọn ará odò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, Àǹtí."

"Ṣé ìjókòó ni mo bá wá láti Ìlórà?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ó ti kúrò nílé ọkọ tirẹ̀, ó sì ti padà sí ilé bàbá wọn kí n tó ṣègbéyàwó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni òfin fún gbogbo àwa ìyàwó. Bí a bá fẹ́ gbálẹ̀, òun ni yóò sọ igun tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbálẹ̀ tán, òun náà ni yóò sọ igun tí a gbàgbé.

Agboolé mẹ́rin ló wà ní àdúgbò wa ní Ìlórà. Tiwa ló dàgbà jù. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn rẹ̀, ni pé baba ńlá ọkọ mi ló fún àwọn mẹ́ta yòókù nílẹ̀ níhà odò, nígbà tí wọ́n dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní ará odò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn ará odò ti pọ̀ jù wá lọ. Ọmọ wọn kàwé, wọ́n ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, páànù orí ilé tiwa sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìtàn yẹn nìkan ló kù tí a fi jù wọ́n lọ, a sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ àgbàdo lọ́wọ́ ẹyẹ.

Ọmọ àwọn ará odò kan tó wà ní Améríkà ló fa ọ̀rọ̀. Ó ku díẹ̀ kí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun nígbà náà. Ó ní òun fẹ́ gbé ìlú wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá wà níbikíbi láyé lè rí i. Inú dísíkì kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni ó kó iṣẹ́ náà sí, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì gbé e wá fún mi. Tèmi ni kí n tún ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ kọ, kí n sì to orúkọ sí ibi tó yẹ. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Fìdítì, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú dísíkì náà ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà wa gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe ṣí lọ́dọ̀ ẹni tó wà lókè òkun.

Apá òsì ojú-ewé náà ni orúkọ tò sí, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Oríṣi méjì ni wọ́n. Oríṣi kan ní àwọ̀ aró, a sì fa ìlà sí i nídìí. Bí ènìyàn bá gbé máòsì lé e, tó tẹ̀ ẹ́, yóò ṣí: ìtàn á jáde, fọ́tò á jáde. Oríṣi kejì dúdú, ó sì nípọn. Ìwọ̀nyẹn ni àkọlé: ÌJỌ ÀTI MỌ́ṢÁLÁṢÍ, ILÉ Ẹ̀KỌ́, AGBOOLÉ. Bí ènìyàn bá tẹ̀ wọ́n títí di ọ̀la, wọn kò ní ṣí. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n kó àwọn tó ń ṣí jọ, kí ẹni tó ń wá nǹkan lè mọ ìhà tí yóò kọjú sí. Bí ìsọ̀ aláṣọ lọ́jà ni mo ṣe rí i. Ènìyàn lè ní òun ń lọ sí ìsọ̀ aláṣọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìsọ̀ Aláṣọ. Ọ̀dọ̀ ẹnìkan ni yóò ti rajà.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ilé ìwé girama ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n láti kékeré ni n kò ti fẹ́ kí nǹkan wà níbi tí kò yẹ.

Ọkùnrin Améríkà yẹn ti fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ to àwọn agboolé. Bí akọ̀wé ṣe kà á síta níbi ìpàdé ẹgbẹ́ nìyẹn, ó sì bọ́ sí i pé àwọn ará odò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣáájú wa.

"A-bí-dí ni wọ́n fi tò ó, Àǹtí," ni mo wí. "Kì í ṣe ipò."

"Ta ni a-bí-dí? Ọmọ ilé wo ni? Ìgbà wo ló dé Ìlórà?"

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Baálé ń retí rẹ. Bí o bá délé, má tíì bọ́ bàtà."

Àbúrò bàbá ọkọ mi ni Baálé agboolé wa. Orí àga onígi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá a, Àǹtí jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó bi mí bóyá mo lè gbé ilé wa sókè, kí àwọn mẹ́ta yòókù wà lábẹ́ wa.

"Mo lè ṣe é, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lókè, àkọlé ni yóò jẹ́. Àkọlé kì í ṣí. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣí."

"Yóò hàn sí gbogbo ayé pé abẹ́ wa ni wọ́n wà?"

"Yóò hàn, Bàbá."

"Ó tó."

"Fọ́tò yín tí a yà lórí àga yìí ńkọ́? Kò ní sí ibi tí wọn ó gbà dé ìdí rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, baálé ilé kì í dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ọmọdé ló ń ṣe é. Jẹ́ kí àwọn ará odò máa ṣílẹ̀kùn."

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó mú mi gbàgbé orúnkún tó ń dùn mí. Ó ní bí mo bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀, yàrá iwájú di tèmi.

Yàrá iwájú nìkan ni yàrá ilé wa tó kọjú sí títì. Ilẹ̀kùn onípákó méjì ló ní, ojú fèrèsé rẹ̀ sì gba ìmọ́lẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ti tọrọ rẹ̀ tipẹ́ kí n lè gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tèmi síbẹ̀, kí n yé gun ọ̀kadà nínú òjò lọ sí Fìdítì láti lọ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Àǹtí náà ń fẹ́ ẹ, ó fẹ́ máa ta gaàrí níbẹ̀. Nígbà tí Baálé sọ ọ̀rọ̀ yẹn, Àǹtí dìde. Ó gbé àpótí rẹ̀ sún kúrò nítòsí mi, bí ẹni pé mo ń rùn.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn ọmọ ilé ti sọ yàrá náà ní orúkọ. "Ṣọ́ọ̀bù Ìyàwó" ni wọ́n ń pè é. Mo ti fi okùn wọn ibi tí tábìlì máa wà.

Mo ṣe iṣẹ́ náà. Mo fi orúkọ agboolé wa ṣe àkọlé, dúdú, nípọn, mo sì to àwọn ará odò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ aró wọn. Akọ̀wé ní kí àwọn àgbà ilé wa wá wò ó kí dísíkì tó padà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni akọ̀wé, ará odò ni òun náà, ọkọ̀ rẹ̀ ni ó sì fi gbé Baálé àti Àǹtí wá sí Fìdítì lọ́jọ́ Sátidé kan. Baálé wọ agbádá tó wọ̀ nínú fọ́tò. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Mo gbé àga fún un níwájú kọ̀ǹpútà, ó sì jókòó bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́.

"Bàbá, ẹ ò rí i?" ni akọ̀wé wí. "Ẹ̀yin lẹ wà lókè téńté."

"Mo rí i," ni Baálé wí. Inú rẹ̀ dùn.

Akọ̀wé tẹ orúkọ ilé tirẹ̀. Ó ṣí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn jáde, àwọn ènìyàn tò síwájú rẹ̀, ìtàn wọn sì gùn dé ìsàlẹ̀. Ó tẹ ìkejì, ó ṣí. Ó tẹ ìkẹta, ó ṣí.

"Ó dára," ni Baálé wí. "Wá tẹ tiwa."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé ti tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

"Tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀. Àǹtí gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ìdun pa. Orúkọ ilé wa dúró síbẹ̀, ó dúdú, ó nípọn, kò mira.

"Kí ló ṣe é?" ni Baálé bi mí.

"Àkọlé ni, Bàbá. Mo sọ fún yín pé kì í ṣí."

Kò wò mí. Ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà. "Àwọn tí baba mi fún nílẹ̀," ni ó wí, "a pè wọ́n, wọ́n jẹ́. A pe baba mi, kò jẹ́."

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tó ń wí. Ẹni tí a bá pè lórúkọ, tí a tún un pè, tí kò dáhùn, a mọ ohun tí a máa ń rò nípa rẹ̀. Àwọn tó wà láàyè níwájú wa yẹn ni ará odò, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.

"Ó ti pa ilé wa," ni Àǹtí wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ojú wa náà ló ti pa á."

"Jẹ́ kí ó ṣí," ni Baálé wí fún mi.

Akọ̀wé ló dáhùn. "Kò ṣeé ṣe, Bàbá."

"Ṣé ẹ̀rọ ni kò gbà ni, àbí ìwọ?"

"Èmi ni. Bí àkọlé bá ń ṣí, a jẹ́ pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni gbogbo ayé yóò gbà kí wọ́n tó dé ilé wa. Ẹ ti gba òkè. Ẹ tún fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn."

"Ta ló fún yín ní ẹnu ọ̀nà?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ máa ń rán wa létí."

Mo rò pé mo lè parí ìjà náà. Mo ní mo lè tún orúkọ ilé wa kọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó wà lókè bí àkọlé, kí ó sì tún ṣáájú àwọn mẹ́ta nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ aró. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni yóò máa ṣí.

Baálé yíjú sí mi. "Kí n wà lábẹ́ ara mi?"

"Kí ó wá máa dọ̀bálẹ̀ fún ara rẹ̀ láàárọ̀," ni Àǹtí wí.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí ó rẹ́rìn-ín. Baálé dìde, ó kó agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó sì jáde. Wọn kò wọ ọkọ̀ akọ̀wé padà. Bọ́ọ̀sì elérò ni wọ́n wọ̀ lójú títì, mo sì rí i bí wọ́n ṣe fún agbádá náà mọ́ àárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti obìnrin tó gbé adìẹ lé ẹsẹ̀. Kí Àǹtí tó wọ bọ́ọ̀sì, ó padà sọ́dọ̀ mi.

"Ìwọ àti tíṣà odò lẹ jọ pète rẹ̀. Kí ló ṣèlérí fún ọ?"

"Kò ṣèlérí nǹkan kan, Àǹtí."

"Ìyẹn tún burú jù. O ta wá lọ́fẹ̀ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, kò sí ẹni tó ń jẹ́. Wọ́n gbé ọlọ kúrò níbi tí mo ti ń lọ ata, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn yàrá Àǹtí. Bí mo bá dé ìdí kànga, okùn fàmífàmí á ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà kò sì ní parí omi rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣe tíṣà lọ́nà jíjìn, òpin oṣù ni ó máa ń wálé. Nígbà tó dé, mo rò ó fún un.

"Ṣe ohun tí Bàbá bá ní kí o ṣe," ni ó wí.

"Bàbá kò tíì sọ ohun kan tó ṣeé ṣe."

"Ṣe é bẹ́ẹ̀ náà."

Ẹni tí yóò gbé dísíkì padà sí Améríkà fẹ́ lọ. Akọ̀wé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní bí orúkọ náà ṣe wà ni òun yóò ṣe fi ránṣẹ́. "Ilé ọkọ rẹ wà lókè, ó sì tì pa. Èmi kò ní ẹjọ́ kankan sí i." Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Baálé pè mí. Òun náà ti ro tirẹ̀. Ó ní kí a fi àwọn sílẹ̀ lókè. "Bí a kò bá jẹ́, a kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀ wá kalẹ̀ lójú ẹ̀mí mi. Yàrá iwájú ṣì wà níbẹ̀. Má fọwọ́ kan orúkọ wa."

Ohun tó kù fún mi kò le láti mọ̀. Bí mo bá jókòó, tí n kò ṣe nǹkan kan, yàrá di tèmi. Akọ̀wé fẹ́ bẹ́ẹ̀, Baálé fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí iṣẹ́ náà, mo wò ó. Mo ń ronú nípa ọmọ ilé wa kan tó lè wà lókè òkun, tí yóò rí orúkọ bàbá rẹ̀ lókè téńté, tí inú rẹ̀ yóò dùn, tí yóò tẹ̀ ẹ́. Yóò tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò tẹ ti ará odò, nítorí pé ìyẹn ń dáhùn. Fọ́tò Baálé wà nínú dísíkì náà, òun àti àga rẹ̀, ìtàn wa sì wà lábẹ́ rẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kò dé ibẹ̀.

Mo pa orúkọ ilé wa rẹ́ kúrò lókè. Mo fi orúkọ àdúgbò ṣe àkọlé, èyí tí kì í ṣe ti ilé kankan, tí ẹnikẹ́ni kò sì retí pé kó dáhùn. Mo to agboolé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe dé ìlú, tiwa ni àkọ́kọ́. Mo fún gbogbo wọn ní àwọ̀ aró. Mo tẹ tiwa. Ó ṣí, Baálé sì jókòó sí àárín ojú-ewé, ó ń wò mí. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó tọ̀nà lọ́jọ́ náà ni mo ṣì mọ̀ lónìí.

Akọ̀wé fa ojú ro nígbà tó rí i. "Kí ló dé tí wọ́n fi ṣáájú?"

"Ta ló kọ́kọ́ dé, sà?"

Ó mú dísíkì, ó sì lọ. Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún Baálé, n kò fẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ń run orín lẹ́nu nígbà tí mo bá a. Mo sọ ohun tí mo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó run orín náà lọ, ó tu ú sílẹ̀, ó sì wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni mo rí àpò gaàrí tó tò sí ẹnu yàrá iwájú. Àǹtí jókòó sáàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, ó ń fi igbá da gaàrí ṣeré. Ibi tí mo fi okùn wọ̀n fún tábìlì ni ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sí. Ìyàwó ilé kejì kan rán ọmọ rẹ̀ jáde, mo sì gbọ́ ohun tó sọ fún un: "Sáré lọ bá mi ra gaàrí ní Ṣọ́ọ̀bù Ìyàwó."

"O gbọ́ bí?" ni Àǹtí wí. "Wọn ò tíì gbàgbé rẹ."

Mo kọjá lára rẹ̀. Baálé wà lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó wà nínú fọ́tò gan-an. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Yàrá iwájú ńkọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Fìdítì tí mo kí i, tí ó dá mi lóhùn.

"Tìrẹ ṣì ni, ìyàwó. Orúkọ rẹ la ó máa fi pè é. Ṣùgbọ́n kò ní ṣí fún ọ."